Igi tó fẹ́ wó l'Ọ́wọ̀ àti Ọ̀sẹ́: ṣé agungi ni kí wọ́n pè, àbí ọkọ̀ garawa?

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, láàrin oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, atẹ́gùn ló máa ń kọ́kọ́ dé. Kò sí ará Ọ̀wọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n. Ojú ọ̀run á ṣú, eruku á sọ, páànù á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ká tó wí ká tó fọ̀, igi ti dábùú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Ìpele, ní Ẹlẹ́gbẹ̀ka, ní Ìfọ̀n àti ní Ìdó-Àní. Ìjì ò mọ ibi tí ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ parí sí tí ti Ọ̀sẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Igi tó ti wó kọ́ ni ìṣòro tó le jù. Ó ti wó ná. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò á kó àdá àti ayùn jáde, wọ́n á gé e, ọ̀nà á ṣí. Èyí tó le ni èyí tó ṣì dúró lẹ́yìn ìjì. Ẹ̀ka rẹ̀ kan ti ya, ó ń fì lórí òrùlé. Tàbí kí gbòǹgbò rẹ̀ ti ṣí sókè ní apá kan. Tàbí kó jẹ́ igi tó ti kú láti ọdún méjì, tí gbogbo ará ilé ń sọ pé àwọn máa gé e, tí ẹnikẹ́ni ò gé. Wọn ò lè gé irú igi bẹ́ẹ̀ lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí ilé, fẹ́ǹsì, ṣọ́ọ̀bù àti wáyà iná ti yí i ká. Láti òkè ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ máa gé e wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìbéèrè ibẹ̀ wá ni pé, báwo ni ẹni tó máa gé e ṣe máa dé òkè?

Ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan ni pé kí èèyàn fi okùn gun igi náà, kó sì gbé ayùn ẹlẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ́wọ́. Èkejì ni ọkọ̀ tó ní apá gígùn tí garawa ńlá wà lórí rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń tún iná ojú títì ṣe. Òṣìṣẹ́ á dúró sínú garawa náà, apá ọkọ̀ á sì gbé e lọ sókè. Onírúurú orúkọ ni wọ́n ń pè é lágbàáyé. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ ọkọ̀ garawa níbí.

L'Ọ́wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, ọ̀nà kìn-ín-ní ló wọ́pọ̀. Kì í ṣe pé ẹnì kan jókòó, ó gbé méjèèjì yẹ̀ wò, ó wá rí i pé gígùn ló dára jù. Owó ló yàn án. Onílé á ní kí wọ́n bá òun wá ọmọ yẹn, èyí tó gé ti ilé kejì. Ọmọ yẹn á dé, á wo igi náà sókè sódò, á dá iye kan, wọ́n á ná an, ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, iye owó ni wọ́n sọ, ibi tí ẹ̀ka máa bọ́ sí ni wọ́n sọ, àti ẹni tó máa kó igi ìdáná. Ohun kan tí wọn ò béèrè ni bóyá igi náà ṣì lè gbé èèyàn. Ohun tó sì yẹ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín àwọn agungi o. Iṣẹ́ àtìrandíran ni gígun igi nílẹ̀ yìí. Adẹ́mu tó ń fi igbà gun ọ̀pẹ láàárọ̀ kùtùkùtù, akọ̀pẹ tó ń gé ìdì ẹyìn, ìmọ̀ tí wọ́n ní kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kọ́ lọ́sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n igi ọ̀tọ̀ ni ọ̀pẹ. Ọ̀pẹ ò ní ẹ̀ka. Ara rẹ̀ gún régé láti ìdí dé orí, igbà lè gbá a mọ́ra láti ilẹ̀ títí dé ibi tí imọ̀ wà. Máńgòrò ò rí bẹ́ẹ̀, ìrókò ò rí bẹ́ẹ̀. Ní ẹ̀ka àkọ́kọ́ tí agungi bá kàn, ó gbọ́dọ̀ tú igbà kó tó lè kọjá, ìgbà tó bá sì tú u, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù tó gbé e dúró. Ìrókò àgbà ńkọ́? Ìdí rẹ̀ tóbi débi pé igbà wo ló fẹ́ yí i ká? Nítorí náà, pé ọmọ kan mọ ọ̀pẹ í gùn bí ọ̀bọ kò sọ pé ó lè gé ìrókò tó dúró láàrin ilé mẹ́ta.

Àwọn tó kọ́ iṣẹ́ gígun igi ńlá lọ́nà tòde òní ní òfin kan tí wọn kì í dà: okùn méjì. Wọn kì í tú ọ̀kan títí èkejì á fi so. Nígbà tí ayùn bá ń ṣiṣẹ́, okùn tó wà nítòsí ayùn náà máa ń ní wáyà irin nínú, torí ayùn tó ń gé igi kò mọ okùn yàtọ̀ sí ẹ̀ka. Wọ́n á dé akoto, wọ́n á wọ ṣòkòtò tó máa ń há ẹ́ńjìnnì ayùn tó bá kan ẹsẹ̀. Ẹlòmíì tó mọ gígùn náà á dúró nílẹ̀ pẹ̀lú okùn tirẹ̀, kó lè gun òkè lọ gbé ẹni tó bá fara pa wálẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ṣe pàtàkì púpọ̀. Ẹni tó bá dákú tó ń fì nínú bẹ́líìtì lókè ò lè dúró de ẹni tó máa lọ wá àkàbà káàkiri àdúgbò.

Ohun tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa ni okùn kan, ẹsẹ̀ lásán, ayùn lọ́wọ́ kan, ọwọ́ kejì di ẹ̀ka mú. Àwọn èèyàn á kóra jọ sábẹ́ igi, wọ́n á máa wòran, wọ́n á tún máa kígbe àmọ̀ràn sókè. Àwọn àgbà ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Òótọ́ ni pé ojú ni òwe náà ń sọ, àmọ́ ẹni tó dúró sábẹ́ igi tí wọ́n ń gé lè fi í sọ́kàn.

Bí wọ́n tiẹ̀ kó gbogbo okùn àti bẹ́líìtì ayé yìí wá, ohun kan wà tí wọn ò lè tún ṣe. Igi náà fúnra rẹ̀ ni gbogbo okùn so mọ́. Okùn kì í lágbára ju ẹ̀ka tí wọ́n so ó mọ́ lọ. Bí igi bá yè, tí ara rẹ̀ dá, kò sí wàhálà. Agungi tó mọṣẹ́ lè dé ibi tí ọkọ̀ kankan ò lè dé, ó sì lè yára parí iṣẹ́ ju ọkọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí igi bá ti kú tàbí tó ti jẹrà nínú, orí ohun tó fẹ́ wó gan-an ni wọ́n so ọmọ olọ́mọ mọ́. Ayùn á máa mì í. Ẹ̀ka ńlá tí wọ́n bá gé tí wọ́n fi okùn sọ̀ kalẹ̀ á fà á tìpá-tìpá. Igi tó ti dúró fún ọdún méjì láìwó lè wá yàn wákàtí yẹn gan-an láti wó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè la ojú èèyàn sí ọ̀rọ̀ yìí. Igi kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ash, ó pọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà àti nínú oko wọn bí àyùnré ṣe pọ̀ níbí. Lọ́dún 2012, wọ́n rí i dájú pé àrùn kan tí olú ń fà ti wọ àwọn igi náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n lọ rẹrẹẹrẹ. Àwọn agungi ibẹ̀ wá rí i pé igi tí àrùn yìí bá ti mú máa ń gbẹ, á sì máa kán pẹ́kẹ́ láìṣe àmì kankan tẹ́lẹ̀. Àwọn èèyàn tó ti ń gun ash láti kékeré, tí wọ́n mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó, ò lè gbọ́kàn lé e mọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí lílo ọkọ̀ garawa gbilẹ̀ sí i lórí irú igi bẹ́ẹ̀. Òfin wọn lórí iṣẹ́ òkè, tó jáde lọ́dún 2005, sì ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé bí iṣẹ́ náà bá ṣeé ṣe láìgun òkè rárá, kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n wá ohun tí kò ní jẹ́ kí èèyàn já bọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ohun tó máa gbá a mú bó bá já. Síbẹ̀síbẹ̀ náà, láàrin oṣù kẹrin 2023 sí oṣù kẹta 2024, òṣìṣẹ́ 138 ló kú sẹ́nu iṣẹ́ ní Bìrìtìkó, àwọn 50 nínú wọn ló já bọ́ láti òkè. Oríṣiríṣi iṣẹ́ ló wà nínú iye yẹn, kì í ṣe igi gígé nìkan. Àmọ́ bó bá lè rí báyìí níbi tí òfin wà tí wọ́n sì ń kà á, kí èèyàn ro ibi tí ẹnikẹ́ni kì í ti kọ orúkọ ẹni tó já bọ́ sílẹ̀.

Báwo ni onílé ṣe máa mọ igi tí kò yẹ kí wọ́n gùn? Kò nílò ẹ̀rọ. Kó wo ìdí rẹ̀ bóyá olú ń hù níbẹ̀. Kó fi ẹ̀yìn àdá kàn án kó gbọ́ bóyá ó ń dún bí ìlù. Kó wo bóyá ilẹ̀ ti là tàbí ó wú ní ẹ̀gbẹ́ kan, bóyá àwọn tó gbẹ́ gọ́tà lọ́dún tó kọjá gé gbòǹgbò rẹ̀, bóyá èèpo rẹ̀ ń ṣí. Irú igi náà pẹ̀lú ṣe pàtàkì. Àràbà rọ̀, kì í pẹ́ rà lẹ́yìn tó bá kú. Ìrókò le, ikán ò fi bẹ́ẹ̀ rí i jẹ, ìtì rẹ̀ lè dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú. Ìyẹn náà ló ń tan agungi jẹ, torí ẹ̀ka òkè rẹ̀ lè ti rà nígbà tí ìdí rẹ̀ ṣì le bí òkúta. Ohun kan tún wà: àràbà àti ìrókò máa ń wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà ẹni tó bá lọ wò wọ́n ní oṣù kìn-ín-ní lè pe alààyè ní òkú, kó sì pe òkú ní alààyè. Àsìkò òjò, tí ewé yẹ kó wà lórí wọn, ni wọ́n ti ń mọ èyí tó kú.

Ní ti ọkọ̀ garawa, èrè rẹ̀ hàn gbangba. Ẹni tó wà nínú garawa kò so mọ́ igi. Bí igi bá mì, á yí garawa kúrò. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á wà lórí ayùn. Bó bá fara pa, wọ́n lè sọ ọ́ kalẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Fún igi tó ti kú, tó jẹrà, tàbí tó ti ya, òun ló yẹ kó jẹ́ àkọ́kọ́ lọ́kàn ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ àwọn tó ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọkọ̀ yìí ló máa parí gbogbo wàhálà kò tíì wo ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ dáadáa. Ọkọ̀ náà wúwo. Kó tó gbé apá sókè, ó gbọ́dọ̀ na ẹsẹ̀ irin rẹ̀ jáde sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le. Nínú àwọn àdúgbò àtijọ́ bí Ìlóro àti Ẹ̀yìn-Ogbè, ilé fara kan ilé, ojúlé mìíràn kò gba ju ọ̀kadà lọ. Ibi tó bá sì gbà á, ta ló mọ ohun tó wà nísàlẹ̀? Ṣáláńgá àtijọ́ tí wọ́n da yẹ̀pẹ̀ bò, ihò sókàwéè tí wọ́n fi kọnkéré pẹlẹbẹ dé, kànga tí bàbá ilé gbẹ́ tí kò pọnmi mọ́. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan péré tó bá wọ irú ibẹ̀, ọkọ̀ á dojú dé pẹ̀lú èèyàn lókè. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó gbé ọkọ̀ wá gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ àgbà ilé ni ibi tí ṣáláńgá wà. Lọ́nà oko lápá Ọ̀sẹ́, ẹrẹ̀ àsìkò òjò nìkan ti tó láti dá a padà.

Gíga náà ń kọ́? Ìrókò lè ga tó mítà 50, àràbà lè ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ garawa tó wà fún iṣẹ́ iná kò ga ju mítà 12 sí 20 lọ. Ọkọ̀ tó lè dé orí àràbà àgbà wà láyé, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí ìjọba ìbílẹ̀ máa rà. Ẹni tó wà nínú garawa pàápàá gbọ́dọ̀ fi bẹ́líìtì so ara rẹ̀ mọ́ garawa náà, torí ẹ̀ka tó bá jábọ́ lu apá ọkọ̀ lè ta èèyàn dànù bí ìgbà tí ọmọdé fi rọ́bà ta òkúta. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1998 ní kí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ yẹ ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn sókè wò finnífinní ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Tòkúǹbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ọdún tí wọ́n yẹ ẹ wò kẹ́yìn kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e dé ni kí ẹni tó fẹ́ rà á béèrè, kó tó béèrè ọ̀dà.

Níbi tí ọkọ̀ garawa ò bá sí, àwọn kan máa ń fi nǹkan mìíràn rọ́pò. Wọ́n á pe pélódà, kí èèyàn dúró sínú abẹ́ irin tó fi ń kó yẹ̀pẹ̀, kó gbé e sókè. Tàbí wọ́n á pe háyàbù, kí wọ́n so ọmọ mọ́ ìkọ́ rẹ̀. Méjèèjì burú ju kí èèyàn gun igi tó yè lọ. Ẹrù ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Bí ẹni tó ń wa pélódà bá ṣèèṣì tẹ ohun tí kò yẹ, abẹ́ náà á dà ohun tó wà nínú rẹ̀ dànù bó ṣe ń da yẹ̀pẹ̀. Kí katapílà máa fi orí ti igi gbígbẹ ṣubú náà ní ewu tirẹ̀, torí orí igi gbígbẹ lè kán, kó sì padà wá bọ́ sórí ẹni tó ń ti ìdí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wáyà iná ló yẹ kó gba ìjókòó púpọ̀ jù níbi ìpàdé àdúgbò, òun ni wọn kì í sì í sọ. Wáyà ilé-iṣẹ́ BEDC, tó ń pín iná fún Oǹdó, Èkìtì, Ẹdó àti Dẹ́lítà, ló ń gba àárín àwọn igi wọ̀nyí kọjá. Èyí tó wà lórí òpó gíga lè gbé fóòtì 11,000 tàbí 33,000. Ohun tí agungi sábà máa ń ṣe ni pé á dúró de ìgbà tí "NẸ́PÀ bá mú iná lọ". Orúkọ NẸ́PÀ ti kúrò láti ọdún 2005, àwọn aládàáni sì ti gba iṣẹ́ náà láti ìparí ọdún 2013, àmọ́ àṣà dídúró dè wọ́n ò tíì kúrò. Bí iná bá ti lọ, ọmọ á gùn ún.

Pé iná lọ kò sọ pé wáyà ti kú. Wọ́n lè dá a padà nígbàkigbà láti ibi tí ẹni tó ń dá a padà ò ti mọ̀ pé èèyàn wà lórí igi ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Ohun kejì tó tún farasin ni jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ sólà. Bí aládùúgbò kan bá tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ láìyí ìgbanú iná rẹ̀ kúrò lórí ti ìjọba, iná rẹ̀ á padà sórí wáyà ìta, tiransifọ́mà á sì sọ ọ́ di iná ńlá sórí òpó gíga. Nítorí náà, wákàtí tí àdúgbò ṣókùnkùn gan-an, tí gbogbo ilé tan jẹnẹrétọ̀, lè jẹ́ wákàtí tó léwu jù. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó dájú ni kí wọ́n kọ̀wé sí BEDC, kí òṣìṣẹ́ wọn wá gé iná náà, kó tì í pa, kó so wáyà náà mọ́lẹ̀, kó sì dúró tì wọ́n títí iṣẹ́ á fi parí. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí wọn ò kọ́ ní iṣẹ́ iná kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ wáyà tó gbé fóòtì tó tó 50,000 ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ, yálà lórí igi ni o, yálà nínú garawa ni. Garawa irin kì í gba èèyàn lọ́wọ́ iná. Ńṣe ló ń bá a gbé e.

Òrìṣà náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ìrókò kan wà tí àgbà àdúgbò á ní olúwéré ń gbénú rẹ̀, tí agungi ò ní fẹ́ fọwọ́ kàn láìṣètùtù. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìrókò tí wọn ò fọwọ́ kàn fún ọgọ́rùn-ún ọdún sábà máa ń jẹ́ igi àgbà, igi àgbà sì ni ihò máa ń wà nínú rẹ̀. Ìbẹ̀rù yẹn ti gba ẹ̀mí ọmọ agungi là níbi tí ọgbọ́n ò ti dé. Bí ìlú bá ti gbà pé kí wọ́n gé e, ètùtù àti ọkọ̀ garawa ò bára wọn jà.

Owó igi gan-an tún máa ń yí ìpinnu padà, ọ̀nà tó ń gbà yí i sì máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Ìrókò níye lórí. Bí ìrókò bá fẹ́ wó sórí ilé, onígedú lè ní òun ò gba kọ́bọ̀, òun tiẹ̀ máa fún onílé lówó, kí wọ́n sáà jẹ́ kí òun gbé ìtì rẹ̀ lọ. Inú onílé á dùn. Ṣùgbọ́n ìtì gígùn tí kò bàjẹ́ ni onígedú fẹ́, nítorí náà kò ní fẹ́ gé e ní kékeré-kékeré láti òkè. Á fẹ́ kó ṣubú lódindi. Ọ̀fẹ́ yẹn lè wá gbówó lórí òrùlé aládùúgbò. Àràbà, tí pákó rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ lówó lórí, máńgòrò gbígbẹ, fúrúùtù iwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn yìí ni kò sí ẹni tó fẹ́ sanwó fún. Àwọn ni wọ́n máa ń pẹ́ jù lórí ìdúró, àwọn ni wọ́n sì máa ń fi lé ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù lọ́wọ́.

Bí ọmọ náà bá já, ta ló ni ín? Òfin kan wà nílẹ̀ yìí láti ọdún 2010 tó sọ pé kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò àjọ NSITF, kí àjọ náà lè tọ́jú ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, tàbí kó san owó fún ìdílé ẹni tó bá kú. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ iná tàbí ti ìjọba ìbílẹ̀ tó bá já bọ́ láti inú garawa ní ibi tó lè tọ̀ lọ. Ọmọ tí wọ́n pè láti ìta, tí wọ́n ná lówó lẹ́nu ọ̀nà, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n á gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ FMC tó wà l'Ọ́wọ̀, ìyá rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó. Ìdí nìyẹn tí gígun igi fi dà bíi pé ó dínwó. Apá tó wọ́n jù nínú rẹ̀, ẹlòmíì ló ń san án.

Ó wá kù síbi tí ìjọba ti lè ṣe nǹkan. Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ ti ń pín aṣojú kan ṣoṣo nílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá. Kò sóhun tó ní kí wọ́n má lè pín ọkọ̀ garawa kan. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà, kì í ṣe láti ọwọ́ gómìnà. Bí ìdájọ́ náà ṣe ń rí lójú ayé ṣì ń fa àríyànjiyàn. Àmọ́ àwọn alága àti káńsẹ́lọ̀ tí wọ́n dìbò yàn ní ọjọ́ 18 oṣù kìn-ín-ní 2025 kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ igi tó fẹ́ wó sórí ọjà àti ilé ìwé kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Èkó ti dá àjọ tirẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún 2011, LASPARK, ẹni tó bá sì fẹ́ gé igi nínú ìlú níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ ò nílò àjọ ńlá bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ kan tó lè dé mítà 20, ẹni méjì tó mọ̀ ọ́n wà, agungi mẹ́rin tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ okùn méjì tí wọ́n sì kọ orúkọ wọn sí NSITF, àti ìwé kan tí wọ́n ń kọ igi eléwu sí. Ọkọ̀ yẹn náà ló lè máa tún iná ojú títì ṣe nígbà tí kò bá sí igi láti gé, kó má baà di ohun tí koríko ń hù bò lẹ́yìn sẹkitéríàtì.

Àwọn agungi yẹn ṣì máa níṣẹ́ o. Igi tó yè tó wà níbi tí ọkọ̀ ò lè wọ̀, tiwọn ni. Igi tó ti kú tí ọkọ̀ ò lè dé ìdí rẹ̀ ló ṣòro jù lọ, kì í sì í ṣe ti ẹnikẹ́ni láti gùn. Nígbà mìíràn, wọ́n lè so okùn mọ́ ọn láti ilẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀rọ ìfagi ọlọ́wọ́ fà á sí ibi tó ṣófo, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó èèyàn kúrò nínú ilé tó yí i ká. Ó lè ba fẹ́ǹsì jẹ́. Ó lè fọ́ páànù díẹ̀. Onílé á bínú, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú, ṣùgbọ́n fẹ́ǹsì ṣeé mọ.

Bí igi bá wó lu igi, tòkè ni wọ́n kọ́kọ́ ń gé. Èyí tó wà lábẹ́ ń fa agbára pamọ́ bí ọrun tí wọ́n tẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ gé e, á ta á. Àwọn ọmọ tó ń kó ayùn jáde lẹ́yìn ìjì lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ̀n mọ òwe náà lẹ́nu. Kí wọ́n rí i pé ọwọ́ wọn náà mọ̀ ọ́n.

Oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni ilẹ̀ máa ń gbẹ tó láti gba ọkọ̀ tó wúwo. Àsìkò yẹn náà ni ìjọba ń jókòó ti ètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ti kọ orúkọ igi tó kú sílẹ̀ láàrin òjò, tó sì mú un lọ fún káńsẹ́lọ̀ rẹ̀ kí oṣù kọkànlá tó parí, á ní bí oṣù mẹ́ta gbáko kí ìjì àkọ́kọ́ tó dé.